Odídẹ màmá mi kò fọhùn: ẹ̀yin tí ẹ ti sìn ín rí, ẹ wá là mí lọ́yẹ̀

Ọmọ Òde Rẹ́mọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ odídẹ ni mo bá wá sọ́dọ̀ yín. Aládùúgbò wa kan tó kó lọ sí Kánádà lọ́dún tó kọjá ló fa ẹyẹ náà lé màmá mi lọ́wọ́. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn nìkan ló sì kù nínú ilé wa ní Òde Rẹ́mọ láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ sinmi. Ṣágámù ni èmi ń gbé. Mo máa ń dé lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń padà lọ́jọ́ Ajé. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ẹyẹ yìí máa kí wọn láàárọ̀, kó máa dá wọn lóhùn, kí ilé má baà dákẹ́ jù.

Oṣù mẹ́jọ rèé, kò tíì sọ gbólóhùn kan. Ó ń súfèé. Ó ń ṣe bíi jẹnẹrétọ̀ ilé kejì nígbà tí wọ́n bá ń fa okùn rẹ̀, tó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Ó mọ ìró tí fóònù mi máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wọlé, ó sì ti tì mí dìde nídìí oúnjẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n "Màmá, ẹ káàárọ̀" tí mo fi ohùn ara mi gbà sórí fóònù, tí mo ń ṣí sílẹ̀ fún un fún wákàtí méjì-méjì, kò kọbi ara sí i rárá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kéèjì rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ẹyinjú rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ẹ̀pà àti búrẹ́dì ló ń jẹ. Àbúrò bàbá mi kan ní ahọ́n rẹ̀ ló wúwo, pé ká fi abẹ fá a díẹ̀, ká sì máa fún un ní ata wẹẹrẹ. Màmá ní ká ṣì dúró ná. Ẹ dákun, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Olódídẹ, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ mi, màmá rẹ á pẹ́ fún wa. Wọ́n ṣeun tí wọ́n dá abẹ dúró. Ẹ má fi abẹ kan ahọ́n ẹyẹ yẹn láéláé. Inú ọ̀fun lókè ni ohùn tiwa ti ń jáde. Ti ẹyẹ wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àyà, níbi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì tó fẹ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni ìró ti ń ru jáde. Ahọ́n kàn ń tún un ṣe lẹ́nu ni, bí ọwọ́ onígángan ṣe ń fún ọṣán tí ohùn fi ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá fá ahọ́n odídẹ, ọwọ́ onílù ló gé.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Odídẹ tí mo kọ́kọ́ sìn, ní 1989, ẹnìkan tí mo fọkàn tán ló fá a láhọ́n. Èmi ni mo bá a di ẹyẹ náà mú. Láti ọjọ́ náà kò lè yí ẹ̀pà lẹ́nu mọ́, nítorí ahọ́n yẹn ló fi ń gbé hóró sípò kó tó fi ẹnu fọ́ ọ. Á mú ẹ̀pà, á já bọ́. Á tún sọ̀kalẹ̀ wá mú un, á tún já bọ́. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ṣì ń rí ẹ̀pà kan ṣoṣo yẹn tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀ kéèjì.

Ata kò ṣe é ní nǹkan. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu bó ṣe ń ta wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣa ata wẹẹrẹ jẹ nínú oko bí ẹni jẹ gúgúrú. Fún un bó bá fẹ́, ó dára fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ nínú ata.

Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Wo ohun tí ẹyẹ náà ti kọ́ láìsí olùkọ́. Ó kọ́ ìró jẹnẹrétọ̀, nítorí pé bí ìró yẹn bá ti dún, iná á tàn, àwọn ọmọdé á hó yèè. Ó kọ́ ìró fóònù rẹ, nítorí pé bó bá ti dún, ìwọ á fò dìde. Ohun tí ìró ń ṣe fún ènìyàn ni ó ń wò. Fóònù wá ń sọ "ẹ káàárọ̀" ní aago méjì ọ̀sán, kò sẹ́ni tó dáhùn, kò sóhun tó yí padà nínú ilé. Kí ni kí ẹyẹ fi ìyẹn ṣe?

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí o bá fẹ́ kó mọ̀, so ó mọ́ ohun kan, kí o má sì yẹ̀ ẹ́. Bí màmá bá ń ṣí aṣọ kúrò lórí kéèjì láàárọ̀, "Ẹ káàárọ̀ o." Bí wọ́n bá ń gbé omi wọlé fún un, "Omi rèé." Bí wọ́n bá ń da aṣọ bò ó lálẹ́, "Ó dàárọ̀." Kí ojú wo ojú, kí ohùn yá mọ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ àti mẹ́wàá nírọ̀lẹ́ ju wákàtí méjì fóònù lọ.

Èyí tó wà nílé mi báyìí, "Ta ni yẹn?" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìyàwó mi ló máa ń ké bẹ́ẹ̀ láti ilé ìdáná bí géètì bá dún. Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi wà lọ́jà Òkè-Àgbò, géètì dún, ẹnìkan sì bèèrè nínú ilé pé "Ta ni yẹn?" Àlejò náà dáhùn pé "Èmi ni, mà," ó sì dúró síta níbẹ̀ ó ń retí kí wọ́n ní kó wọlé. Èmi ni mo padà wá bá a níbẹ̀.

Gbé kéèjì yẹn kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibi tí màmá bá ń jókòó sí jù ni kí ẹyẹ wà.

Ìyá Alákàrà, Ṣágámù

Bàbá, ẹ kú ẹ̀kọ́ o. Mo fẹ́ fi tèmi kún un, nítorí ó ti kó mi sí wàhálà rí.

Odídẹ mi máa ń wà lẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń dín àkàrà. Lóòótọ́ ni pé ó kọ́ orin ìpolówó ọṣẹ kan lórí rédíò, mo sì ti fẹ́ fi èyí já Bàbá níyàn pé ẹ̀rọ náà ń kọ́ ẹyẹ. Àfi ìgbà tí mo rò ó wò: èmi fúnra mi ni mo máa ń bá rédíò kọ orin yẹn bí mo bá ń po ẹ̀wà. Mo gbà fún Bàbá.

Wàhálà tí mo ń wí rèé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ oníbàárà mi kan. Gbogbo àdúgbò figbe ta: "Olè! Olè!" Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin kan ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ tòun ti báàgì lẹ́yìn, ni ẹyẹ mi bá ké: "Olè!" Ẹ ẹ̀ rí i bí àwọn ọlọ́kadà ṣe yíjú padà. Mo ju ṣíbí sínú epo, mo sáré lọ dì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo ń pariwo pé ẹyẹ ni o, ẹyẹ ló sọ ọ́! Títí di òní, bí mo bá rántí ojú ọmọ yẹn, àyà mi ń já. A máa ń sọ pé ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ti ojú pópó, ọmọ aláìṣẹ̀ ló fẹ́ pa.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ìbẹ̀rù, ìbínú tàbí ẹ̀rín gbé jáde, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún odídẹ. "Ẹ káàárọ̀" tí a ń sọ pẹ̀lú oorun lójú lè gbà á lóṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ kékeré wà nílé yín, tí ẹ sì ń bú ara yín nítòsí kéèjì, ẹ máa retí èébú yẹn lọ́jọ́ tí àlejò bá wá.

Bí mo ṣe gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni pé mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé: bó bá ké "Olè!" ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jágbe mọ́ ọn. Ká kẹ́yìn sí i, ká ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Jíjágbe mọ́ ọn, oúnjẹ ni lójú rẹ̀. Mo sì fún un ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó lágbára bíi tìyẹn: bí mo bá ń wa àkàrà kúrò nínú epo, mo máa ń ké "Ó gbóná!" Nígbà tó bá sọ ìyẹn, a ó pè é, a ó yìn ín, a ó fún un ní ìbẹ́pẹ. Oṣù mẹ́rin ni kí "Olè" tó lọ. Ẹyẹ náà kò tún wà lójú pópó mọ́ láti ìgbà náà.

Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ohun tí Bàbá àti Ìyá Alákàrà sọ yìí, àwọn onímọ̀ ti dán an wò.

Ní 1977, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg, ra odídẹ kan, irú tiwa gan-an tó ní ìrù pupa, ní ilé ìtajà ẹran ọ̀sìn ní Chicago. Alex ló sọ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Kí Alex tó kú ní 2007, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ti lé ní 100. Ó lè dárúkọ nǹkan bí 50, ó mọ àwọ̀ 7, ó sì lè sọ iye ohun tó wà lórí àwo títí dé 6. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti kíkọ orin ìpolówó: bí wọ́n bá gbé kọ́kọ́rọ́ méjì sílẹ̀ tí wọ́n bi í léèrè kí ló yàtọ̀ lára wọn, á dáhùn pé àwọ̀ ni, tàbí pé títóbi ni.

Obìnrin náà tún mú àwọn odídẹ mìíràn, ó ń fi fídíò àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kọ́ wọn, kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n. Wọn kò kọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, Ọmọ Òde Rẹ́mọ, ẹ pa fóònù yẹn.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ Alex gba ènìyàn méjì, ó sì rọrùn fún ẹ̀yin àti màmá. Dietmar Todt, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nílé mi pẹ̀lú ìyàwó mi nìyí. A jókòó níwájú kéèjì, a kò wo ẹyẹ rárá. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sókè:

"Kí rèé?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"O gbà á. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni." Mo fún ìyàwó mi, ó jẹ ẹ́, ó ní ó dùn.

Lẹ́yìn náà òun náà gbé e sókè, ó bi mí. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣì í sọ, "gẹ̀... gẹ̀...", ìyàwó mi á wá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn, á sì yíjú kúrò. Mo tún un sọ dáadáa, ó fún mi. Pàṣípààrọ̀ yìí ṣe pàtàkì: kí ẹyẹ rí i pé ẹnikẹ́ni tó bá pe orúkọ nǹkan náà ló ń rí i gbà, kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo ni ọ̀gá. Odídẹ a máa jowú. Nígbà tó bá rí i pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì tí kò kan òun, á bẹ̀rẹ̀ sí sún mọ́ etí kéèjì, á na ọrùn, ojú rẹ̀ á máa là á máa pa. Ìró yòówù tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde tó fara jọ ọ̀rọ̀ náà, ì báà ṣe "ẹ̀dẹ̀" lásán, ẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ fún un o, kì í ṣe ẹ̀pà. Bí ẹ bá sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ fún un ní ẹ̀pà, ẹ ti pa á lọ́kàn dà.

Ẹyinjú rúsúrúsú túmọ̀ sí pé ó ti dàgbà. Ojú ọmọ odídẹ dúdú ni. Ìyẹn kò ní kó má kọ́ ọ̀rọ̀. Èyí tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ilé lè dákẹ́ fún oṣù púpọ̀, ó ń ṣọ́ yín ni.

Ọmọ Òde Rẹ́mọ

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja tí kì í ṣe tobìnrin. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún màmá. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀pà tó ń yí nílẹ̀ kéèjì, wọ́n ní "Áà, Bàbá yẹn mà jìyà o."

Wọ́n ní kí n bèèrè: ṣé èdè Rẹ́mọ tí àwọn ń sọ ni kí àwọn máa bá a sọ, àbí Yorùbá ilé ìwé? Tèmi ni pé: ṣé odídẹ mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, kó má lọ máa sọ ohun tó máa dójú tì wá? Ẹ̀kẹta, mo rí ìyẹ́ wẹ́wẹ́ nílẹ̀ kéèjì, àyà rẹ̀ sì ti hàn níwájú díẹ̀.

Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ sọ fún màmá pé èdè tí wọ́n ń sọ sùn tí wọ́n ń sọ jí ni kí wọ́n bá a sọ. Odídẹ kò lọ ilé ìwé. Bí wọ́n bá ń yí èdè padà nítorí rẹ̀, ohùn wọn kò ní dán mọ́rán mọ́, ẹyẹ á sì mọ̀.

Ní ti ohùn, orin ọ̀rọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbà, kó tó gba ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Tiwa nílé ṣáà ń súfèé kan náà láràárọ̀, ó ń gòkè ó ń bọ̀ sílẹ̀, a pè é ní eré. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń lu gángan ló dúró lọ́jọ́ kan, ó ní "Ẹ gbọ́, re-mi-do-mi-do: ẹ káàárọ̀ ló ń sọ yìí!" Lóòótọ́ ni. A bẹ̀rẹ̀ sí dá súfèé yẹn lóhùn: bó bá súfèé, àwa á sọ ọ̀rọ̀ náà padà fún un lórí ohùn kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ wọ inú súfèé. Nítorí náà, súfèé tí ẹ sọ pé ó ń ṣe yẹn, ẹ lọ fetí sí i dáadáa, ó lè jẹ́ pé ó ti ń bá yín sọ̀rọ̀ tipẹ́.

Bàbá-bàbá mi ló ni ẹyẹ wa. Wọn a máa kì í láràárọ̀: "Ìjẹ̀bú ọmọ alárè, ọmọ Awùjalẹ̀." Wọn a wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí tábà. Gbogbo oríkì yẹn, "ọmọ alárè" nìkan ló mú, ṣùgbọ́n ó mú ikọ́ méjèèjì pẹ̀lú. Bàbá ti lọ láti 2018. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, a máa ń gbọ́ ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú yàrá, lẹ́yìn náà "ọmọ alárè." Màmá mi kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé kéèjì yẹn kúrò ní ìyẹ̀wù wọn.

Ìyẹ́ àyà: tiwa tu tirẹ̀ rí, ìbọn ló fà á. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀, ìbọn á sì máa dún. Ilé wa kò jìnnà sí ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tu adìẹ. Báyìí, bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, inú yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá ni à ń gbé e lọ, ẹnìkan á sì jókòó tì í. Géètì tó ń dún gbàgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ lójoojúmọ́ lè jẹ́ ìbọn tirẹ̀.

Dókítà Ẹranko, Ìlíṣàn

Ìbẹ̀rù lè fà á, àdánìkanwà lè fà á, àìsàn náà sì lè fà á, a kò lè fi ẹnu lásán mọ ọ̀kan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì FUNAAB ní Abẹ́òkúta, tàbí ti Ìbàdàn. Ẹyẹ tí ara rẹ̀ kò le kì í ráyè kọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀pà àti búrẹ́dì kò tó o. Odídẹ tó ń jẹ ẹ̀pà nìkan kì í rí fítámì A àti kálísíọ̀mù tó, àìtó kálísíọ̀mù sì máa ń mú irú ẹyẹ yìí gan-an ní gìrì. Ẹyìn ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù nínú igbó, ẹ sì ní i lọ́pọ̀ yanturu ní Rẹ́mọ: ẹ fún un ní ẹyìn tútù bíi méjì lójúmọ́, kó máa bó o fúnra rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀fọ́, karọ́ọ̀tì, ìbẹ́pẹ, àgbàdo tútù kún un, àti ẹyin sísè tòun ti èèpo nígbà mìíràn. Ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Oòrùn àárọ̀ ṣe pàtàkì, kí ibòji wà níbẹ̀ tó lè sá sí.

Píà kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu, ó ń pa ẹyẹ. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí igi píà pọ̀ lágbàlá wa. Ṣokoléètì, kọfí, tíì, ọtí, oúnjẹ oníyọ̀, bákan náà. Páànù ìdáná tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, èéfín rẹ̀ tí àwa kò tilẹ̀ gbóòórùn lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti kọ́ìlì ẹ̀fọn kò dára fún un. Ìyá Alákàrà, inú mi dùn pé ẹyẹ yín ti kúrò nídìí epo gbígbóná.

Kó máa sùn wákàtí 10 sí 12 nínú òkùnkùn. Kí màmá máa fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ́jú kéèjì, kí wọ́n bu omi wọ́n ìgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó nù ún kí eruku rẹ̀ má baà fò. Bí ibà tòun ti ikọ́ gbígbẹ bá mú wọn, kí ẹ sọ fún dókítà pé odídẹ wà nílé, nítorí àìsàn kan wà tí ẹyẹ yìí ń kó ran ènìyàn, oògùn rẹ̀ sì wà bí wọ́n bá tètè mọ̀.

Ọ̀dọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjíròrò yìí ti mú kí odídẹ wù mí. Ẹnìkan ní òun lè bá mi rí ọmọ rẹ̀ tí kò tíì hu ìyẹ́ tán, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú igbó. Ṣé ìyẹn ni yóò tètè kọ́ ọ̀rọ̀?

Bàbá Olódídẹ, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ mi, má ra á. Mo bẹ̀ ọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n máa ń gba orí ilé wa kọjá lọ sí ibi tí wọ́n ń sùn, ẹgbẹ́ kan tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan, ariwo wọn á bo ìlù. A kì í ka iye wọn. Báyìí, ọdún lè yí po kí n má gbọ́ ẹyọ kan. Inú ihò igi gíga ni odídẹ ń yé sí, ẹyin mẹ́ta sí márùn-ún. Láti mú ọmọ, wọ́n lè gé igi lulẹ̀, nígbà náà ihò yẹn ti tán títí ayé. Inú àpò ni wọ́n sì ń kó wọn gbà bọ̀, púpọ̀ nínú wọn á kú kí wọ́n tó dé ọjà. Ẹyọ kan tó bá dé ọwọ́ rẹ, má rò pé ẹyọ kan ló kúrò nínú igbó.

Dókítà Ẹranko, Ìlíṣàn

Òfin náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ń tán lọ, pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì gbé odídẹ sí ìpele tó le jù: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú un nínú igbó tà kọjá ẹnubodè mọ́. Òfin ilẹ̀ wa lórí ẹranko tó ń tán lọ ti wà láti 1985. Ẹni tó fẹ́ bá yín rí ọmọ ẹyẹ yẹn, wàhálà ló fẹ́ tà fún yín.

Bàbá Olódídẹ, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ Òde Rẹ́mọ, tiyín ti wà nílé, kò mọ igbó mọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n odídẹ tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo 40 ọdún, ó lè dé 60. Ẹ ti jókòó sọ ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn màmá. Kí ẹni náà ti máa bá a sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí, kó lè mọ ohùn rẹ̀.

Ọmọ Òde Rẹ́mọ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá rèé tí mo ti kọ̀wé kẹ́yìn. Mo ṣèlérí fún màmá pé mo máa padà wá jábọ̀.

A gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ní kò sí kòkòrò lára rẹ̀, oúnjẹ àti ibi tó wà ni ká tún ṣe. Pálọ̀ ló wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga màmá, ojú fèrèsé. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ ti ń hù padà, wẹ́wẹ́ bí òwú. Ẹyìn ló fẹ́ràn jù. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ kan dì í mú, á bó o yípo, epo á kun ẹnu rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ojú, á wá lọ nu ún mọ́ igi.

Èmi àti màmá ti ń ṣe ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní JSS 1 ló ń bá wọn ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ bó bá ti ilé ìwé dé, a sì ti fẹnu kò pé òun ni yóò jogún ẹyẹ. Ní ọ̀sẹ̀ keje ó sọ "gẹ̀dẹ̀." Ohùn màmá ni ó fi sọ ọ́, pátápátá. Ọmọ náà figbe ayọ̀ ta, ó sì fún un ní odindi kan. "Ẹ káàárọ̀" kò tíì jáde, ṣùgbọ́n mo gbọ́ súfèé re-mi-do-mi-do ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo sì kí i padà.

Èyí tó mú mi wá gan-an nìyí. Orúnkún ń dun màmá. Bí wọ́n bá ti jókòó sórí àga yẹn, wọ́n máa ń mí kanlẹ̀, wọ́n á ní: "Hìn-ín. Ọpẹ́ o." Wọn kò mọ̀ pé àwọn ń sọ ọ́, èmi náà kò mọ̀. Ní Sátidé tó kọjá, mo ń gé ewédú lójú fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n gbé ife omi, wọ́n ń lọ sídìí àga. Wọ́n ti gbé ọwọ́ lé apá àga, wọn kò tíì tẹ̀, ni ohùn wọn bá dún láti inú kéèjì: "Hìn-ín. Ọpẹ́ o."

Wọ́n dúró lórí ìdúró níbẹ̀, ife lọ́wọ́ kan, àga lọ́wọ́ kejì. Wọ́n wo ẹyẹ, ẹyẹ náà wò wọ́n. Wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń bá bàbá wa sọ̀rọ̀, dá a lóhùn: "Mi ò tíì jókòó."